Henry Ossawa Tanner, ayàwòrán tí ó ń gbé ọ̀dà rẹ̀ rin ìrìn àjò

Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹfà ọdún 1859, ní ìlú Pittsburgh ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ni a bí Henry Ossawa Tanner. Bàbá rẹ̀, Benjamin Tucker Tanner, jẹ́ oníwàásù nínú ìjọ Mẹ́tọ́díìsì tí àwọn adúláwọ̀ dá sílẹ̀ fún ara wọn, ó sì di bíṣọ́ọ̀bù nínú ìjọ náà nígbà tí ó yá. Ìyá rẹ̀, Sarah, ni a bí sínú oko ẹrú ní ìpínlẹ̀ Virginia. Ọ̀nà ìkọ̀kọ̀ tí àwọn aláàánú fi ń ran àwọn ẹrú lọ́wọ́ láti sá lọ sí ìhà àríwá ni obìnrin yìí gbà dé Pennsylvania ní kékeré, ibẹ̀ ni ó sì ti di ẹni òmìnira. Nígbà tí a bí Henry, ó ṣì ku ọdún mẹ́fà kí òfin tó fòpin sí oko ẹrú ní gbogbo ilẹ̀ Amẹ́ríkà.

Ilé ni a ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Orúkọ àárín tí àwọn òbí yìí fún ọmọ wọn, Osawatomie ni wọ́n ti yọ ọ́. Osawatomie jẹ́ ìlú kékeré kan ní Kansas níbi tí John Brown, aláwọ̀ funfun tí ó gbé ohun ìjà dìde sí àwọn tí ń kó ènìyàn lẹ́rú, ti jagun ní 1856. Ní etíkun Ouidah, àwọn ènìyàn mọ ibi tí àwọn ọkọ̀ ti gbéra. Ìtàn ìdílé Tanner jẹ́ ìtàn ọmọ àti ọmọ-ọmọ àwọn tí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kó lọ, àti ohun tí wọ́n fi òmìnira ṣe nígbà tí ó tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́.

Ìdílé náà kó lọ sí Philadelphia nígbà tí Henry ṣì wà ní ọmọdé. Nígbà tí ó tó nǹkan bí ọmọ ọdún mẹ́tàlá, òun àti bàbá rẹ̀ ń rìn nínú Fairmount Park, ọgbà ńlá tí ó kún fún igi ní ìlú náà, ni wọ́n bá rí ayàwòrán kan tí ó jókòó síta, tí ó ń fi ọ̀dà ya ilẹ̀ tí ó wà níwájú rẹ̀. Ọmọ náà dúró, ó ń wò ó. Láti ọjọ́ náà ni ó ti pinnu pé iṣẹ́ yìí ni òun yóò ṣe. Ìyá rẹ̀ fún un ní sẹ́ǹtì 15. Ó fi ra ọ̀dà ìyẹ̀fun àti búrọ́ọ̀ṣì méjì tí kò dára púpọ̀. Ó wá ẹ̀yìn ìwé jọ́gíráfì àtijọ́ kan tí yóò ya àwòrán lé lórí, ó sì padà sí ibi tí ó ti rí ayàwòrán náà láti gbìyànjú ti ara rẹ̀.

Ohun tí ọmọ náà rí nínú ọgbà kì í ṣe àṣà àtijọ́ rárá nígbà náà. Fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, inú ilé ni àwọn ayàwòrán ilẹ̀ Yúróòpù ti ń fi ọ̀dà olóròóró ṣiṣẹ́. Wọn a lọ àwọ̀ lórí òkúta, wọn a pò ó mọ́ òróró, wọn a sì di ìyókù sínú àpò ìtọ̀ ẹlẹ́dẹ̀, èyí tí ó máa ń bẹ́ lójú ọ̀nà. Ní 1841 ni ayàwòrán ará Amẹ́ríkà kan tí ń jẹ́ John Goffe Rand gba ìwé àṣẹ fún túùbù onírin rírọ̀ tí a lè fi ọwọ́ tẹ̀, bí irú èyí tí a ń rí lónìí tí ọṣẹ ìfọyín wà nínú rẹ̀. Láti ìgbà náà, ayàwòrán lè kó ọ̀dà rẹ̀ sínú àpótí, kí ó gbé e kọ́ èjìká, kí ó sì lọ sí etí odò, sí orí òkè tàbí sí ìlú òkèèrè.

Àwọn ará Ifangni, tí ọ̀pẹ yí ilé wọn ká, lè fẹ́ mọ irú òróró tí ó wà nínú ọ̀dà yìí. Kì í ṣe epo ọ̀pẹ. Epo ọ̀pẹ kì í gbẹ. Bí a bá fi kun pátákó, yóò máa yọ̀ ni, eruku yóò sì máa lẹ̀ mọ́ ọn. Òróró tí àwọn ayàwòrán ń lò ni wọ́n ń fún lára hóró lín, ohun ọ̀gbìn tí a tún ń fi okùn ara rẹ̀ hun aṣọ. Bí afẹ́fẹ́ bá ti ń fẹ́ sí òróró yìí, ó ń le díẹ̀díẹ̀, títí yóò fi di bí awọ tí omi kò lè fọ̀ dànù. Nítorí bẹ́ẹ̀ ni irú àwòrán yìí fi ń wà fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún. Ṣùgbọ́n kì í yá gbẹ. Ó máa ń gba ọjọ́ mélòó kan, nígbà mìíràn ó tilẹ̀ ń jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí ń fi í ṣiṣẹ́ lójú ọ̀nà ní láti ní àpótí tí a la ààyè sínú rẹ̀, kí àwọn pátákó tútù má baà kan ara wọn.

Wàhálà mìíràn tún wà. Oòrùn kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Òjìji tí ó wà ní apá òsì igi ní òwúrọ̀ yóò ti kúrò níbẹ̀ kí ọ̀sán tó pọ́n. Ayàwòrán tí ó wà níta kò ní ju wákàtí méjì tàbí mẹ́ta lọ kí ìmọ́lẹ̀ tó yí padà. Kòkòrò ń bà sórí ọ̀dà, afẹ́fẹ́ ń gbé eruku wá. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ wọn fi ń ya àwòrán kékeré níta ní kíákíá, tí wọn a sì gbé e wálé láti fi ya èyí tí ó tóbi. Bí Tanner náà ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn ní púpọ̀ nínú ìrìn àjò rẹ̀.

Bàbá rẹ̀ kò kọ́kọ́ fara mọ́ iṣẹ́ náà. Ó fi ọmọ rẹ̀ sí ẹnu iṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń lọ ìyẹ̀fun, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà le ju agbára rẹ̀ lọ, àìsàn sì dá a dùbúlẹ̀. Nígbà tí ara rẹ̀ ń yá bọ̀, a jẹ́ kí ó máa ya àwòrán. Ní 1879, ó wọ ilé ẹ̀kọ́ àwọn ayàwòrán ní Pennsylvania. Thomas Eakins, tí ó jẹ́ olùkọ́ rẹ̀ níbẹ̀, kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti máa ya ohun tí ojú wọn rí gan-an, kí wọ́n má ṣe máa wo iṣẹ́ ẹlòmíràn kọ. Ẹ̀kọ́ yìí wọ Tanner lára, kò sì kúrò lára rẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n adúláwọ̀ kò wọ́pọ̀ nínú ilé ẹ̀kọ́ náà, àwọn kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì fi ojú rẹ̀ rí màbo nítorí àwọ̀ ara rẹ̀.

Ní nǹkan bí ọdún 1885, ó ya etíkun Atlantic City ní ìrọ̀lẹ́. Òkìtì iyanrìn ni ó wà níwájú, koríko díẹ̀ hù lé e, oòrùn ń wọ̀, òjìji sì ti bo ọ̀pọ̀ ibẹ̀. Ó po iyanrìn mọ́ ọ̀dà tí ó fi ya ilẹ̀ náà, tí ó fi jẹ́ pé ẹni tí ó bá sún mọ́ àwòrán náà yóò rí hóró rẹ̀.

Ọ̀dà àti aṣọ ìyàwòrán ń gba owó, àwọn tí ń ra àwòrán kò sì pọ̀. Ní 1889, Tanner lọ sí Atlanta ní ìhà gúúsù, ó ṣí ilé fọ́tò síbẹ̀, ṣùgbọ́n òwò náà kò gbè é. Ó lọ lo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kan ní Highlands, lórí àwọn òkè North Carolina. Níbẹ̀ ni ó ti ń ya fọ́tò, tí ó ń ya àwòrán òkè àti igbó, tí ara rẹ̀ sì ń gba afẹ́fẹ́ tútù. Ó tún kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ gíga kan tí ó wà fún àwọn adúláwọ̀ ní Atlanta. Bíṣọ́ọ̀bù aláwọ̀ funfun kan, Joseph Hartzell, àti ìyàwó rẹ̀ mọ̀ pé ó ní ẹ̀bùn. Ní 1890, wọ́n bá a ṣe ìpàtẹ àwòrán ní Cincinnati. Ìpàtẹ náà parí, ẹnikẹ́ni kò ra ẹyọ kan. Ni tọkọtaya Hartzell bá ra gbogbo rẹ̀ pátá. Owó yìí ni Tanner fi wọ ọkọ̀ ojú omi ní oṣù kìíní ọdún 1891.

Róòmù ni ó ń lọ. Ó gba Liverpool àti London kọjá, ó sì dé Paris, ṣùgbọ́n kò rìn síwájú mọ́. Ó wọ Académie Julian, níbi tí Jean-Paul Laurens àti Jean-Joseph Benjamin-Constant ti ń kọ́ni. Iṣẹ́ ọwọ́ ni wọ́n fi ń díwọ̀n ènìyàn níbẹ̀, àwọ̀ ara kò di ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ láti jókòó síwájú. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí Paris bá móoru, àwọn ayàwòrán a gbé àpótí ọ̀dà wọn, wọn a sì wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí ìgbèríko. Tanner náà ń lọ sí Brittany, ní Pont-Aven àti Concarneau, lọ́dọ̀ àwọn àgbẹ̀ àti àwọn apẹja. Ó ya igi eléso tí ó yọ òdòdó, ó sì ya àwọn ará abúlé lẹ́nu iṣẹ́ wọn.

Àìsàn mú un padà sí Philadelphia fún ìgbà díẹ̀. Nígbà náà, ní 1893, ni ó ya àwòrán rẹ̀ tí àwọn ènìyàn mọ̀ jù, The Banjo Lesson. Bàbá àgbàlagbà adúláwọ̀ kan ni ó wà nínú rẹ̀, tí ó ń kọ́ ọmọdékùnrin kan ní báńjò láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀, nínú ilé tí kò sí ọrọ̀ kankan. Nígbà náà, ẹni ẹ̀sín ni wọ́n máa ń sọ adúláwọ̀ tí ń ta báńjò dà nínú àwòrán ní Amẹ́ríkà. Tanner ya àgbà tí ń fi sùúrù kọ́ ọmọ, ó sì jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé àti ti iná ààrò pàdé lára wọn. Ìpàtẹ ńlá tí ó wà ní Paris, tí a ń pè ní Salon, gba àwòrán náà ní 1894.

Ní 1897, ìjọba ilẹ̀ Faransé ra àwòrán rẹ̀ tí ó sọ ìtàn àjíǹde Lásárù. Lónìí, ó wà ní Musée d'Orsay. Rodman Wanamaker, ọmọ oníṣòwò ńlá kan láti Philadelphia, rí iṣẹ́ yìí, ó sì rò pé ẹni tí ń ya ìtàn Bíbélì bẹ́ẹ̀ ní láti fi ojú ara rẹ̀ rí ilẹ̀ tí ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀. Òun ni ó san owó ìrìn àjò náà. Ní ọdún 1897 kan náà, Tanner lọ sí Íjíbítì àti Palẹ́sìnì. Ó dé Káírò, Jáffà, Jerúsálẹ́mù, Jẹ́ríkò àti Òkun Òkú. Ó padà lọ ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ó sì lo oṣù mélòó kan níbẹ̀. Ó ya inú mọ́sálásí ní Káírò, ó ya àwọn tí ń gbàdúrà níwájú Ògiri Ẹkún, ó sì ya àwọn òkè gbígbẹ àti ilẹ̀ olókùúta.

Àǹfààní ìrìn àjò yìí hàn nínú àwòrán tí ó ṣe ní 1898 nípa bí áńgẹ́lì ṣe wá bá Màríà. Tẹ́lẹ̀, àwọn ayàwòrán Yúróòpù a máa wọ Màríà ní aṣọ olówó ńlá, wọn a sì fún áńgẹ́lì ní ìyẹ́. Tanner ya ọmọbìnrin tálákà kan tí ó jókòó sórí ibùsùn tí aṣọ rẹ̀ rún, nínú yàrá olókùúta bí irú àwọn tí ó rí ní Palẹ́sìnì. Kò ya ìyẹ́ kankan. Ọ̀pá ìmọ́lẹ̀ kan tí ó dúró gbọnrangandan nínú yàrá ni ó fi dúró fún áńgẹ́lì. Ẹni tí kò bá ti jókòó síta láti kọ́ bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń bà lé ara ògiri kò lè ya irú rẹ̀. Ní 1899, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan ní Philadelphia ra àwòrán yìí. Ìlú tí ó ti jìyà ni ó ra iṣẹ́ rẹ̀.

Ní oṣù kejìlá ọdún 1899, ó gbé Jessie Olssen níyàwó ní London. Aláwọ̀ funfun ará Amẹ́ríkà ni obìnrin náà. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ilẹ̀ Amẹ́ríkà nígbà náà, òfin kò gba irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀. Èyí jẹ́ ọ̀kan nínú ìdí tí Tanner fi fi ilẹ̀ Faransé ṣe ilé. Ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí wọ́n bí, ní 1903, ni Jesse. Wọ́n ní ilé ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ní Trépied, lẹ́bàá Étaples, ìlú àwọn apẹja tí ó wà ní àríwá ilẹ̀ Faransé, níbi tí àwọn ayàwòrán láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè ti ń pàdé. Ìkùukùu òkun, ọkọ̀ apẹja tí ń wọlé lóru àti òṣùpá lórí omi ni ó ń yà níbẹ̀.

Ìrìn àjò náà kò dáwọ́ dúró. Ní 1908, ó lọ sí Àlùjéríà, ní 1912, ó sì lọ sí Mòrókò. Ní Tangier, ó ya ẹnubodè odi ìlú àtijọ́, pẹ̀lú òjìji búlúù rẹ̀ àti ògiri funfun tí oòrùn ń tàn sí. Òun, tí wọ́n kó àwọn baba ńlá rẹ̀ kúrò ní Áfíríkà, fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ tẹ ilẹ̀ Áfíríkà lọ́pọ̀ ìgbà, pẹ̀lú àpótí ọ̀dà lọ́wọ́. Láti inú àwọn ìrìn àjò wọ̀nyí ni àwọ̀ búlúù bẹ̀rẹ̀ sí borí nínú iṣẹ́ rẹ̀: búlúù òru, búlúù ìdájí, tí ó ń kùn ní ipele lórí ipele títí ìmọ́lẹ̀ yóò fi dà bí ẹni pé inú àwòrán gan-an ni ó ti ń jáde.

Nígbà ayé rẹ̀, àwọn kan nínú àwọn ọ̀mọ̀wé adúláwọ̀ ní Amẹ́ríkà fẹ́ kí ó máa ya adúláwọ̀ nìkan. Wọ́n ní ẹni tí ó ní irú ẹ̀bùn bẹ́ẹ̀ kò yẹ kí ó fi àwọn ènìyàn rẹ̀ sílẹ̀ kí ó máa ya Palẹ́sìnì àti òkun Faransé. Ọ̀rọ̀ wọn ní ìtumọ̀, nítorí àwọn tí ń fi àwòrán bu ọlá fún adúláwọ̀ kò pọ̀. Ṣùgbọ́n Tanner kò gbà. Àwọn kan ti fẹ́ fi àwọ̀ rẹ̀ dí i lọ́nà ilé ẹ̀kọ́, kò sì fẹ́ kí àwọn mìíràn tún fi àwọ̀ kan náà pààlà ohun tí ojú rẹ̀ lè wò. Lójú rẹ̀, òmìnira tí ìyá rẹ̀ sá lọ bá kò ní pé bí kò bá lè dúró níwájú òkè èyíkéyìí ní ayé kí ó sì yà á. A kò tíì yanjú àríyànjiyàn náà títí di òní, àwọn ayàwòrán àti òǹkọ̀wé ilẹ̀ Áfíríkà náà sì ń pàdé rẹ̀.

Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, ìbànújẹ́ bá a débi pé iṣẹ́ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró. Nígbà tí Amẹ́ríkà wọ ogun, ó bá ẹgbẹ́ Àgbélébùú Pupa ṣiṣẹ́. Ó mú àbá wá pé kí a fi ilẹ̀ tí ó yí àwọn ilé ìwòsàn ká gbin ẹ̀fọ́, kí àwọn ọmọ ogun tí ara wọn ń yá lè máa ro ó. Ó tún ya àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà, àwọn adúláwọ̀ sì wà nínú wọn. Ní 1923, ìjọba ilẹ̀ Faransé fi oyè Chevalier de la Légion d'honneur dá a lọ́lá. Ìyàwó rẹ̀ kú ní 1925. Àwọn ọ̀dọ́ ayàwòrán adúláwọ̀ láti Amẹ́ríkà, bí William Edouard Scott àti Hale Woodruff, ń wá bá a ní ilẹ̀ Faransé láti gba ìmọ̀ràn. Ó kú ní Paris ní ọjọ́ 25 oṣù karùn-ún ọdún 1937, a sì sin ín sí Sceaux, lẹ́bàá ìlú náà.

Ní 1973, iléeṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ ilẹ̀ Amẹ́ríkà ya orúkọ rẹ̀ sórí sítáǹpù. Ní àárín àwọn ọdún 1990, àwòrán etíkun Atlantic City, tí iyanrìn wà nínú rẹ̀, wọ ilé ààrẹ ní Washington. Òun ni iṣẹ́ ayàwòrán adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tí ó di ti ilé náà títí láé.

Ọ̀nà tí Tanner là kò dí lẹ́yìn rẹ̀. Aina Onabolu, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde tí ó kọ́kọ́ fi iṣẹ́ ọ̀dà olóròóró lọ́lẹ̀ láàárín àwọn Yorùbá, lọ sí Académie Julian kan náà lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, ó sì padà sí Èkó láti máa kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé ní yíya àwòrán. Èkó kò jìnnà sí Ifangni. Láti Igolo, ẹni tí ó bá kọjá ibodè yóò dé ibẹ̀ ní ọjọ́ kan náà.

Ohun tí ìgbésí ayé yìí fi kọ́ni kò gba kí ènìyàn dé Paris. Ilẹ̀ pupa lẹ́yìn òjò, oko ọ̀pẹ ní ìdájí àti èéfín àwọn tí ń se epo ní Ifangni ní ìmọ́lẹ̀ tiwọn, tí kò sí ní Brittany tàbí ní Jerúsálẹ́mù. Ẹni tí yóò yà wọ́n ní láti jókòó níwájú wọn. Ó sì lè jẹ́ ọmọ ilé ìwé kan ni, tí ó ti ń fi èédú ya nǹkan sára ògiri, tí wọ́n sì ń bá wí pé ó ń fi àkókò ṣòfò. Kí òbí tí ó bá rí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ tó lé e kúrò níbẹ̀, ó yẹ kí ó kọ́kọ́ wo ohun tí ó yà.